Bí ẹ ṣe lè kó àwọn ohun àmúlò yín jọ nínú Blender kí wọ́n má baà sọnù

Ìbéèrè méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ mi jù lọ lórí Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòṣe àti àwòrán 3D. Ti àkọ́kọ́: “Mo ṣe àga kan lóṣù tó kọjá, ó dára, mo fẹ́ tún un lò nínú iṣẹ́ tuntun, mi ò wá rántí fáìlì tó wà mọ́.” Ti èkejì: “Mo gbé fáìlì mi lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, mo ṣí i, gbogbo ara ilé tí mo kọ́ ti di pínkì.” Ẹni tó béèrè ti àkọ́kọ́ lónìí ló máa béèrè ti èkejì lọ́la, torí ibì kan náà ni wàhálà méjèèjì ti wá. Fáìlì Blender kì í sábà gbé gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yín sínú ara rẹ̀. Àwòrán tí ẹ fi bo ògiri, àwòṣe tí ẹ so wọlé láti ibòmíì, àdírẹ́sì wọn nìkan ló kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá kó ẹrù kúrò ní àdírẹ́sì yẹn, Blender á dé ibẹ̀, kò ní bá nǹkan kan.

Nítorí náà, ibi tí fáìlì máa gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì sí i. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ohun àmúlò ni mo pe ohunkóhun tí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì fẹ́ máa lò lọ́pọ̀ ìgbà: àga, ilẹ̀kùn, àwọ̀ páànù, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Àká ni fódà tí a kó wọn sí. Àwọn orúkọ tó wà lójú Blender fúnra rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà kí ẹ lè rí wọn níbi tí ẹ bá ń wò.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ wo ẹ̀yà Blender tí ẹ ń lò. Asset Browser, ojú ibi tí Blender ti ń fi ohun inú àká hàn yín, dé nínú Blender 3.0, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ẹ̀yà tó bá ṣáájú rẹ̀ kò ní i. Ẹ̀yà LTS (èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́) ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kó lò fún àká, bíi 4.2 tàbí 4.5, torí ọdún méjì ni wọ́n fi ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.
- Bí ẹ bá ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, ẹ̀yà kan náà ni kí gbogbo yín máa lò. Fáìlì tí ẹ̀yà tuntun fi pamọ́ lè má ṣí dáadáa nínú ti àtijọ́.
- Ẹ da gbogbo fáìlì tí ẹ fẹ́ tò kọ síbòmíì ná. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ máa sá lọ bá bí ọwọ́ bá ṣì.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́ àká

1. Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan ṣoṣo níbi tí kò ní kúrò, kí ẹ pè é ní Aka. Kì í ṣe orí tábìlì kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe inú fódà Downloads tí ẹ máa ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.
2. Nínú rẹ̀, ẹ dá fódà kéékèèké sílẹ̀: Aga_Tabili, Ilekun_Ferese, Igi_Ewe, Material, Aworan. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ ju èyí tí ẹ lè rántí láìwò.
3. Nínú Blender, ẹ lọ sí Edit, Preferences, File Paths. Ní apá Asset Libraries, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, kí ẹ yan fódà Aka.
4. Níbi Import Method, ẹ yan Append (Reuse Data). Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Blender fúnra rẹ̀ ti ní àká kan tó ń jẹ́ User Library, inú Documents/Blender/Assets ló wà. Bí ẹ bá ń dá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìyẹn náà tó.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àlàfo sínú orúkọ fódà àti fáìlì. Mo mọ̀ pé ó ń dun ènìyàn láti kọ “Ilekun” láìfi àmì sí i. Èmi náà fẹ́ràn kí Yorùbá máa wọ aṣọ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lórí lè yí padà nígbà tí fáìlì bá ń ti orí irú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn. Lójú yín, orúkọ náà kò yí padà rárá. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Inú Blender, níbi àpèjúwe ohun àmúlò, ẹ lè fi gbogbo àmì yín síbẹ̀ láìsí ewu.

Ẹ má sì ṣe fi odindi díráìfù yín ṣe àká. Gbogbo fódà tó wà nínú àká ni Blender máa ń wọ̀ láti wá fáìlì .blend. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ ọdún márùn-ún sí i, ẹ máa jókòó dúró dè é lójoojúmọ́.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fọ àwòṣe mọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Wọ́n á mú àga jáde láti inú iṣẹ́ tí kò tíì parí, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á ní ó ti di ohun àmúlò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, àga á tóbi ju ilé lọ.

1. Ẹ gbé àwòṣe náà sínú fáìlì tirẹ̀, kí ẹ sì fi fáìlì náà pamọ́ sínú Aka lójú ẹsẹ̀, nínú fódà tó yẹ ẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ máa gbé e lọ síbẹ̀ tó bá yá.
2. Ẹ yan ohun náà, ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ mú Scale. Tí ẹ bá wo apá Item lẹ́yìn náà, ó yẹ kí Scale jẹ́ 1, 1, 1.
3. Ẹ wo ojú àmì aláwọ̀ ọsàn tó wà lára rẹ̀. Òun ni Blender fi ń mọ ibi tí ohun náà dúró sí. Fún àga, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó wà. Fún ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ibi ìdè rẹ̀, kí ẹ lè ṣí i láìjà. Ẹ gbé 3D Cursor (àmì tí Blender fi ń tọ́ka sí ibì kan) síbẹ̀, kí ẹ lọ sí Object, Set Origin, Origin to 3D Cursor.
4. Bí ohun náà bá ní ẹ̀yà púpọ̀ (fìtílà tó ní ẹsẹ̀, ìbòrí àti ìmọ́lẹ̀), ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Collection kan (ẹgbẹ́ tí Blender fi ń kó ohun púpọ̀ pọ̀). Ẹ wá gbé e sí àárín ayé, níbi 0, 0, 0. Ibẹ̀ ni Blender ti máa ń wọn Collection. Tí fìtílà bá wà ní mítà mẹ́wàá sí àárín nínú fáìlì tirẹ̀, mítà mẹ́wàá ni á fi jìnnà sí ibi tí ẹ bá gbé e sí nínú fáìlì tuntun.
5. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ. F2 ni fún ohun kan, Ctrl+F2 fún ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
6. Ẹ lọ sí File, Clean Up, Purge Unused Data, kí àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ kúrò níbẹ̀.

Lórí orúkọ, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àká ti ń wúlò tàbí kó di ààtàn. Orúkọ tí Blender bá fún nǹkan kì í ṣe orúkọ. Cube.001, Cube.047, Material.003: ẹni tó bá wá a lóṣù mẹ́fà sí i kò ní mọ̀ ọ́n. Ìlànà tí mò ń lò ni irú nǹkan, lẹ́yìn náà àpèjúwe, lẹ́yìn náà nọ́ńbà: Aga_Onigi_01, Aga_Onirin_01, Ilekun_Gilaasi_02. Tí irú nǹkan bá ṣáájú, gbogbo àga á tò síbì kan náà fúnra wọn. Ẹ má gbàgbé material (àwọ̀ àti ìrísí ara nǹkan) tó wà lára rẹ̀: Igi_Dudu_01 sàn ju Material.003 lọ fíìfíì, torí ọjọ́ tí ohun mẹ́wàá tó ní Material.003 bá pàdé nínú fáìlì kan, ẹ ò ní mọ èwo ni ti àga, èwo ni ti ògiri.

Kí ẹ tó tẹ Purge: bí material kan bá wà tí ẹ fẹ́ pa mọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí lára ohunkóhun, ẹ tẹ àmì apata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Fake User ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láìsí apata yẹn, Purge á gbá a lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Kódà bí ẹ ò bá tẹ Purge, bí ẹ bá fi fáìlì pamọ́ tí ẹ sì tún un ṣí, ó ti lọ.

### Àwòrán tí ẹ fi bo ara nǹkan

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè dì wọ́n sínú fáìlì .blend (File, External Data, Pack Resources), tàbí kí ẹ fi wọ́n sínú fódà Aworan, kí ẹ sì tẹ Make Paths Relative ní ibi kan náà. Tí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú //, ó túmọ̀ sí pé láti ibi tí fáìlì .blend wà ni Blender ti ń ka ọ̀nà. Ẹ lè gbé odindi Aka lọ síbikíbi, kò ní dàrú. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà díráìfù, bíi D:, ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn ló máa já.

Èmi máa ń di àwòrán sínú fáìlì tó bá jẹ́ pé ohun àmúlò kan ṣoṣo ló ń lò ó. Àwòrán tí ohun mẹ́wàá jọ ń lò, inú fódà ló ń gbé; bí a bá dì í sínú fáìlì mẹ́wàá, ẹ̀dà mẹ́wàá la ti ní yẹn.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn pẹ̀lú. Àwòrán 4096 × 4096 lè kéré lórí díráìfù, ṣùgbọ́n bí Blender bá ṣí i, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 64 ló ń jẹ nínú mẹ́mọ́rì. Èyí tó jẹ́ 1024 × 1024 kò ju mẹ́gábáìtì 4 lọ. Àga tó máa wà ní ẹ̀yìn yàrá, tí ẹnikẹ́ni ò ní sún mọ́, kò nílò 4096.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sàmì sí i, kí ẹ tò ó

1. Ẹ rí i dájú pé inú Aka ni fáìlì náà wà. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.
2. Nínú Outliner (àkójọ orúkọ gbogbo ohun inú fáìlì), ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ ohun náà, kí ẹ yan Mark as Asset. Tó bá jẹ́ Collection ni ẹ fẹ́, Collection ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun inú rẹ̀.
3. Ẹ ṣí Asset Browser, kí ẹ yan Current File lókè. Ohun náà á wà níbẹ̀.
4. Ní apá òsì, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ láti dá kátálọ́ọ̀gì sílẹ̀. Ẹ lè fa ọ̀kan sínú òmíràn: Àga sínú Inú Ilé, fún àpẹẹrẹ. Ẹ wá fa ohun àmúlò sínú kátálọ́ọ̀gì tirẹ̀.
5. Ẹ tẹ N láti ṣí apá ọ̀tún. Ẹ kọ Description, Author àti License, kí ẹ sì fi Tags sí i. Ẹ má fo License bí ohun náà kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín; ẹ máa fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá béèrè.
6. Ẹ fi fáìlì pamọ́. Títí di ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí, kò sí àmì, kò sí kátálọ́ọ̀gì lórí díráìfù.
7. Ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ yan Aka nínú Asset Browser, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń tún un kà, kí ẹ wò ó bóyá ó dé.

Kátálọ́ọ̀gì kì í ṣe fódà. Fódà ni ibi tí fáìlì wà lórí díráìfù. Kátálọ́ọ̀gì ni bí ó ṣe tò lójú yín. Ohun méjì tó wà nínú fáìlì kan náà lè wà ní kátálọ́ọ̀gì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ blender_assets.cats.txt ni gbogbo kátálọ́ọ̀gì wà, inú Aka gan-an ló ń gbé. Bí ẹ bá ṣí i pẹ̀lú ètò ìkọ̀wé lásán, ẹ máa rí ìlà bíi èyí:

`5c1e7a90-3b42-4d1f-9a6e-2f80b7d4c315:Inu Ile/Aga:Inu Ile-Aga`

Nọ́ńbà gígùn yẹn ni Blender fi ń dá kátálọ́ọ̀gì mọ̀. Nọ́ńbà náà ló wà lára àga yín, kì í ṣe orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè yí orúkọ kátálọ́ọ̀gì padà láìjẹ́ pé ohun inú rẹ̀ tú ká, ìdí náà sì nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi máa ń bọ́ sí Unassigned (ibi tí ohun tí kò ní kátálọ́ọ̀gì ń wà) bí fáìlì yìí bá sọnù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo jókòó ní alẹ́ kan, mo to ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí ogójì sí kátálọ́ọ̀gì wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpèjúwe rẹ̀. Orí tábìlì kọ̀ǹpútà ni fáìlì wà ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí mo parí, mo wá gbé fáìlì .blend lọ sínú àká. Mo ṣí Asset Browser láàárọ̀, gbogbo ogójì wà nínú Unassigned, wọ́n tò bí ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ara mi tutù. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Blender ti kọ blender_assets.cats.txt sórí tábìlì kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, torí ibẹ̀ ló ti rí i nígbà tí mò ń tò ó.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tún un tò. Ẹ wá fáìlì cats yẹn níbi tí .blend wà tẹ́lẹ̀. Bí àká ò bá ní tirẹ̀, ẹ gbé e síbẹ̀. Bí ó bá ti ní, ẹ má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀: ẹ da àwọn ìlà kọ láti inú èyí tó sọnù sínú ti àká, ẹ fi pamọ́, ẹ ti Blender, kí ẹ tún un ṣí. Bí ẹ bá ṣèèṣì ba èyí tó wà nínú àká jẹ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ máa rí òmíràn tí orúkọ rẹ̀ parí sí ~. Ẹ̀dà tó ṣáájú nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan bí ohun náà ṣe máa wọlé

Tí ẹ bá fa àga láti inú àká sínú iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà wọlé nínú ẹ̀yà 4.2 àti 4.5, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi.

Append. Blender á ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ẹ fa àga ogún, ẹ ti ní mesh (ìrísí àga náà fúnra rẹ̀) ogún àti material ogún, láti Igi_Dudu_01 dé Igi_Dudu_01.019. Bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ padà, ìgbà ogún ni.

Append (Reuse Data). Àga kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹ lè gbé e síbi tó wù yín, ṣùgbọ́n mesh àti material kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Fáìlì á fúyẹ́. Èyí ni mo ní kí ẹ yàn ní ìbẹ̀rẹ̀, torí òun ló bá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mu.

Link. Kò sí ẹ̀dà. Àdírẹ́sì nìkan ni. Ẹ ò lè yí àwòṣe náà padà nínú fáìlì tuntun, àfi nínú fáìlì tó ti wá. Bí ẹ bá tún un ṣe níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tó so mọ́ ọn á yí padà nígbà tí ẹ bá tún wọn ṣí. Bí ẹ bá máa so nǹkan, Collection ni kí ẹ so, torí ẹ lè gbé e, yí i po, kí ẹ sì mú un tóbi láìfọwọ́ kan inú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè yàn:

- Ẹ dá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kékeré: Append (Reuse Data).
- Ẹ fẹ́ gé ohun náà, kí ẹ tún un mọ pátápátá: Append.
- Ènìyàn púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ohun kan náà, tí àwòṣe kò sì tíì parí: Link.

Agbára Link ni ewu rẹ̀. Mo fẹ ilẹ̀kùn kan lójú nínú àká nígbà kan, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré, torí ilé tí mò ń kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta míì tí ilẹ̀kùn náà wà, ó wọ inú ògiri lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti fẹ́ jáde lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún ohun àmúlò tí iṣẹ́ ti ń lò ṣe mọ́. Ilekun_Onigi_01 á wà bó ṣe wà. Àtúnṣe á di Ilekun_Onigi_02, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á mú un. Àṣìṣe gidi nìkan, bíi ojú tó yí sódì, ni mo máa ń tún ṣe lórí ti àtijọ́.

## Bí nǹkan bá ti sọnù

Gbogbo ara nǹkan di pínkì. Àwòrán ni Blender ò rí. Ẹ lọ sí File, External Data, Find Missing Files, kí ẹ tọ́ka sí fódà Aworan. Orúkọ fáìlì ló fi ń wá a, nítorí náà bí ẹ bá ti yí orúkọ àwòrán padà, kò ní rí i. Tó bá ti rí i, ẹ tẹ Make Paths Relative, kí ẹ fi pamọ́.

Ohun tí ẹ so wọlé ò sí mọ́. Ẹ yí Outliner sí Blender File, ẹ wá orúkọ fáìlì tó já lábẹ́ Libraries, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Relocate. Ẹ má pa ohun tó já rẹ́ kí ẹ tó gbìyànjú èyí.

Ohun àmúlò ò hàn nínú àká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò tíì fi fáìlì pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ sàmì sí i, tàbí Asset Browser kò tíì tún àká kà.

Ẹ yọ àmì kúrò, material sì pòórá. Clear Asset máa ń yọ apata pẹ̀lú. Èyí tó yẹ kí ẹ yàn ni Clear Asset (Set Fake User).

Ẹ fi àṣìṣe pamọ́ sórí iṣẹ́ rere. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fáìlì náà. Èyí tó parí sí .blend1 ni bó ṣe wà kí ẹ tó fi pamọ́ kẹ́yìn. Ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .blend, kí ẹ ṣí i. Ẹ má tún fi fáìlì àkọ́kọ́ pamọ́ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí Blender á fi àṣìṣe yẹn bo .blend1 náà.

## Bí ẹ ò bá fẹ́ lo Asset Browser

Ẹ ṣì lè lo File, Append tàbí File, Link, kí ẹ yan fáìlì, kí ẹ wọ fódà Object tàbí Collection inú rẹ̀. Ó lọ́ra, ẹ sì lè má rí àwòrán ohun tí ẹ ń mú, ṣùgbọ́n kò béèrè ìtò kankan. Fún ohun àmúlò tí kò ju mẹ́wàá lọ, ó tó.

Bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá ń lo ètò míì yàtọ̀ sí Blender, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sí .glb lẹ́gbẹ̀ẹ́ .blend. Ó lè gbé àwòṣe àti àwòrán rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan. Ṣùgbọ́n modifier yín (àtúnṣe tí Blender ń ṣe sórí àwòṣe láìba ti ìpìlẹ̀ jẹ́) kò ní bá a lọ bí ẹ ṣe tò ó, nítorí náà .blend ni kí ẹ máa tún ṣe, kí ẹ wá mú .glb tuntun jáde láti inú rẹ̀.

## Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹlòmíì

- Ẹ fi orúkọ míì pa ẹ̀dà kan mọ́. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe fáìlì gangan.
- Purge Unused Data.
- Pack Resources fún àwòrán. Pack Linked Libraries bí ẹ bá lo Link.
- Ẹ gbé ẹ̀dà náà sínú fódà kan tí kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀, ẹ yí orúkọ Aka padà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá ṣí ẹ̀dà náà. Bí pínkì ò bá yọjú, tí ohunkóhun ò sì dín, ẹ dá orúkọ Aka padà, kí ẹ fi fáìlì ránṣẹ́.